Ẹ̀ẹ̀rùn kọ́ ni *vedro o

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lánàá ní kí a túmọ̀ *vedro, ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ inú èdè ìyáńlá àwọn Slav (èdè àtijọ́ tó bí èdè Rọ́ṣíà, Czech àti àwọn ìbátan wọn), sí "ẹ̀ẹ̀rùn". Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò lè gbà á.

Ìràwọ̀ tó wà níwájú ọ̀rọ̀ náà ń sọ fún wa pé a kò bá a nínú ìwé kankan nínú èdè ìyáńlá yẹn. Ẹnu àwọn èdè ọmọ rẹ̀ la ti ṣà á jọ. Kí wá ni àwọn ọmọ wí? Nínú Bíbélì Slav àtijọ́, ní Mátíù 16:2, ọ̀run pọ́n ní àṣálẹ́, àwọn ènìyàn sì ní ojú ọjọ́ yóò dára: vedro ni wọ́n fi túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan péré ni. Oṣù mélòó ni ẹ̀ẹ̀rùn ń gbà? Nínú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an, bí ọyẹ́ bá dé, eruku a bo ojú ọ̀run, kò sí *vedro níbẹ̀.

Ẹ tún kíyè sí fáwẹ̀lì rẹ̀. *Vedro ni ojú ọjọ́, *vědro ni garawa. Ó dà bí ìlú àti ìlù. Títí dòní, àwọn Czech ń pe ooru ní vedro, wọ́n sì ń pe garawa ní vědro.

Fáwẹ̀lì yìí náà ló ń dà wá láàmú lórí orísun rẹ̀. Àwọn kan ní inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "fẹ́", bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́, ló ti wá, bíi *větrъ, afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n ě gígùn ló wà nínú *větrъ, e kúkúrú ló wà nínú *vedro. Ẹni tó bá fẹ́ so wọ́n pọ̀ gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìyẹn kọ́kọ́. Èyí tó dá mi lójú ni pé Wetter àwọn ará Jámánì jẹ́ ìbátan rẹ̀, ojú ọjọ́ lásán sì ni Wetter, ì báà dára, ì báà burú. Àwọn Slav ló fà á síbi rere. Àwọn ará Jámánì fa tiwọn síbi ìjì àti àrá nínú Gewitter.

Ẹnìkan dábàá "ọ̀làjọ́" fún *vedro, bíi ọ̀làjú. Ó dùn létí, àmọ́ ènìyàn ló ń la ojú nínú ọ̀làjú. Ta ló ń la ọjọ́? Ọ̀rọ̀ orúkọ tí kì í ṣe akọ, tí kì í ṣe abo ni *vedro, Yorùbá kò sì ní irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀, nítorí náà a kò ní í fi nǹkan kan kún un. "Ọjọ́ dídára" ni kí a kọ. Fún *vedrъ tó ń ṣàpèjúwe ọ̀run, "mọ́ kedere" ti tó.