Áńtíbọ́dì tí wọ́n fi ń wá p53, ṣé ọmọ-ogun náà ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ẹ̀pẹ́ ní ká máa pe áńtíbọ́dì, ìyẹn purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ohun àjèjì, ní "ọmọ-ogun ara", ká sì pe transcription factor, ìyẹn purotéènì tó ń sọ jíìnì tí wọ́n máa dà kọ, ní "akọ̀wé ara". Mo kà á, mo tún un kà, ẹ̀gbọ́n ẹ dákun, mi ò fara mọ́ méjèèjì.

Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, áńtíbọ́dì lè jọ ọmọ-ogun lóòótọ́, àmọ́ èyí tí wọ́n fi ń wá p53, purotéènì kan tó ń dá sẹ́ẹ̀lì tó fara pa dúró, nínú láàbù ò bá ẹnikẹ́ni jà, ojú ibì kan ṣoṣo ló ń dá mọ̀ lára purotéènì, á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ SS3 kan ní lẹ́sìn wa ní Ìkòròdú níbí gbọ́ "ọmọ-ogun", ó ní tíṣà, ẹran tó ti kú tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí gíláàsì, ta ló ń bá jà níbẹ̀? Ìbéèrè gidi nìyẹn o! Wọ́n á da áńtíbọ́dì sórí ẹran yẹn, wọ́n á fọ èyí tí ò lẹ̀ dànù, wọ́n á wá fi àwọ̀ sí i, ibi tí p53 bá gbára jọ sí nínú núkílíọ́ọ̀sì á di búráùn, bó sì ṣe máa ń rí nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ tí TP53, jíìnì tí wọ́n fi ń ṣe p53, ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ tún wo PAb240, ọ̀kan lára àwọn áńtíbọ́dì tí wọ́n fi ń wá p53. Ibi tó mọ̀ lára p53, inú ló fara pa mọ́ sí tí purotéènì náà bá ká dáadáa, ìgbà tó bá dàrú ló ń yọ síta, bí ẹni tó jẹ́ pé àpá ẹ̀yìn lo fi mọ̀ ọ́n, tó bá ti wẹ̀wù o ò mọ̀ ọ́n mọ́. PAb1620, áńtíbọ́dì míì, ní tiẹ̀, èyí tó ká dáadáa ló mọ̀. Àmọ́ tí wọ́n bá ti se p53 kí wọ́n tó ṣe western blot, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi ń to purotéènì bó ṣe tóbi sí kí wọ́n tó fi áńtíbọ́dì wá a, gbogbo ẹ̀ á tú, PAb240 á mú tó dáa mú tó bàjẹ́. Ogun wo ló wà nínú ìyẹn?

Ẹnì kan ti dá a lábàá pé "adámọ̀", ó dáa, àmọ́ téèyàn ò bá fàmì sí i, "àdámọ́" la máa kà, ìyẹn ohun tá a bí mọ́ni, ó sì máa dà bíi pé àjẹsára tá a bí mọ́ni là ń sọ. "Olùdámọ̀" ni mo fara mọ́.

Ti "akọ̀wé" ò gùn. Transcription factor ni p53 fúnra ẹ̀, àmọ́ kò kọ nǹkan kan, ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ́ RNA polymerase ló ń da jíìnì kọ, p53 kàn ń jókòó sórí DNA ni, á ní kí wọ́n da jíìnì p21 kọ kí sẹ́ẹ̀lì tó fara pa má baà máa pín lọ. "Adarí àdàkọ" ló bá a mu.

Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá ní èyí tó ju olùdámọ̀ lọ, ẹ sọ ọ́, kí dídá-mọ̀ ṣáà ti wà nínú ẹ̀.