Agbọ̀n, ẹ̀rọ àti ìdí sìgá: báwo ni ẹ ṣe ń bójú tó pàǹtí etí òkun tí àlejò pọ̀ sí?

Olùbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí. Etí òkun gbogboogbò kan tó gùn tó nǹkan bí 800 mítà ni. Àwọn àlejò ń ya wá síbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Wọ́n ń gbá a láràárọ̀, síbẹ̀ tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, agbọ̀n ti kún àkúnya, ọ̀rá sì ti ń fò kiri. Àwọn kan ní kí a to agbọ̀n sí ẹ̀bá omi, kó lè sún mọ́ ẹni tó jókòó. Àwọn mìíràn ní ẹ̀rọ tí katakata ń fà, tó ń jọ iyanrìn, ni kí a rà. Èwo ló yẹ kó ṣáájú? Ìdí sìgá ló pọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀.

Alábòójútó
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé agbọ̀n lọ sí ẹ̀bá omi. Tí oṣù bá lé tàbí tí òṣùpá bá di àrànmọ́jú, omi máa ń kún kọjá ibi tó ń dé tẹ́lẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo tó láti da gbogbo ohun tí ẹ kó jọ padà sínú òkun. Ọkọ̀ tó fẹ́ wá kó o náà á rì sínú iyanrìn. Ọ̀nà àbájáde, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣan ẹsẹ̀ àti ibi ìgbọ́kọ̀sí ni àyè agbọ̀n. Ẹni tó ń lọ sílé ti di ẹrù rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń wá ibi tó máa da ìdọ̀tí sí. Ńlá méjì ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sàn ju kékeré mẹ́wàá tó fọ́n ká sórí iyanrìn.

Kí ó ní ìdérí tó ń pa ara rẹ̀ dé, torí ẹyẹ àti atẹ́gùn. Ike tó nípọn ni kí ẹ lò. Irin lásán, atẹ́gùn iyọ̀ á jẹ ẹ́. Ẹ lu ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ìdí rẹ̀ kí omi òjò lè jáde.

Àkókò ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Bó bá jẹ́ àárọ̀ nìkan lẹ ń kó o, ti àná lẹ ń kó. Lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀, kí ẹnì kan máa yẹ̀ wọ́n wò láti ọ̀sán, kó sì gbé ọ̀rá inú rẹ̀ kúrò tó bá ti kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Tí ẹnì kan bá ti gbé ìdọ̀tí sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n tó kún, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á máa tò ó síbẹ̀ ni.

Ewé Òkun
Mo fara mọ́ ọn, àfi ti ihò yẹn. Tí ọ̀rá bá wà nínú agbọ̀n, inú ọ̀rá ni òjò máa dúró sí. Ìdérí tó rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí òrùlé ló ń lé òjò.

Ní ti ẹ̀rọ, orí iyanrìn gbígbẹ tó tẹ́jú nìkan ló ti wúlò. Iyanrìn tútù máa ń dì mọ́ asẹ́ rẹ̀, á wá máa já bọ́ ní ìṣù-ìṣù pẹ̀lú ìdọ̀tí nínú. Fóòmù àti ike tí oòrùn ti jẹ máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ lábẹ́ rẹ̀, á gba ojú asẹ́ kọjá, kò sì sẹ́ni tó tún lè ṣà á mọ́. Ọwọ́ ni kí ẹ fi ṣa ìwọ̀nyẹn ná.

Èyí tó ká mi lára jù ni pé ìlà ewé tí omi ń fi sílẹ̀ kì í ṣe pàǹtí. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ ni ẹyẹ etí òkun ń jẹ, ewé náà ló sì ń dá iyanrìn tí atẹ́gùn ń gbé dúró. Ẹ̀rọ ń kó gbogbo rẹ̀ lọ. Blue Flag pàápàá, àmì ìdánimọ̀ fún etí òkun tó mọ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní 1985, ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ àyàfi tó bá ti di ìyọnu. Níbi tí ìjàpá òkun bá ti ń yé ẹyin, ẹ má gbé ẹ̀rọ débẹ̀ rárá lásìkò náà: ìwúwo rẹ̀ ń ki iyanrìn mọ́ ẹyin lórí, ipa táyà sì ń di kòtò fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Asẹ́
Ohun tó dà bí òwú nínú ìdí sìgá kì í ṣe òwú. Cellulose acetate ni, irú ike kan, kì í tètè jẹrà, ó sì ń yọ́ gba àárín eyín réèkì. Asẹ́ tí ojú rẹ̀ jẹ́ 5 mìlímítà ló ń mú un. Ẹ bu iyanrìn òkè nìkan, bíi 5 sẹ̀ǹtímítà, nígbà tó bá gbẹ. Ibi tí èèyàn ń jókòó sí àti ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ jọ̀. Ẹ má fi agbára ṣòfò lórí gbogbo 800 mítà. Kí agolo onírin wà fún un lẹ́nu ọ̀nà, lọ́tọ̀ sí agbọ̀n, torí èyí tí iná rẹ̀ kò tíì kú lè ran ọ̀rá.

Àwọn tó ń ṣà á gbọ́dọ̀ ní ìbọ̀wọ́ tó nípọn àti ẹ̀mú gígùn. Garawa líle ni fún ìgò fífọ́, kì í ṣe ọ̀rá. Tí wọ́n bá rí abẹ́rẹ́ ìṣègùn, kí wọ́n gbé ike líle tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ sí wá síbẹ̀, kí wọ́n gbé e kalẹ̀ lórí iyanrìn, kí wọ́n wá fi ẹ̀mú jù ú sínú rẹ̀, kí ẹnu mímú ṣáájú. Ẹni tó bá di ike náà mú lọ́wọ́ lè gún ara rẹ̀. Àwọ̀n tó rì sínú iyanrìn, ẹ má fà á. Ẹ gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ gé èyí tó bá hàn.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun púpọ̀. Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ó ń dínkù? Ṣé ká máa wọ̀n ọ́n?

Alábòójútó
Ẹ má wọ̀n ọ́n, iyanrìn tútù á tàn yín. Ẹ sàmì sí 100 mítà kan, ibẹ̀ náà ni kí ẹ máa kà lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, oríṣi ìdọ̀tí kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀; bí OSPAR, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń dáàbò bo òkun, ṣe ń ṣe é ní Àtìláńtíìkì apá àríwá ìlà-oòrùn nìyẹn. Ẹ ya èyí tí òkun gbé wá sọ́tọ̀: àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, ìkarahun kéékèèké sì lè ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ife tó ṣì mọ́, àlejò ló jù ú sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ti òkun ló pọ̀ jù, agbọ̀n tuntun kò ní dín in kù. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí ìjì bá jà ni kí ẹ kó àwọn òṣìṣẹ́ jáde, kí omi tó tún kó o lọ.