Tòmátì mi di igbó: èwo ni kí n ṣẹ́, èwo ni kí n fi sílẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Adó-Èkìtì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Tòmátì 14 ni mo gbìn sẹ́yìn ilé ìdáná mi. Inú èyí tí mo rà ní Ọjà Ọba ni mo ti yọ irúgbìn rẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ ni mo dà sí ìdí wọn, wọ́n sì ga dé àyà mi, àmọ́ ewé ló pọ̀ jù, èso ò tó nǹkan. Ewé ìsàlẹ̀ ti ń pọ́n, ó ní àmì dúdú. Aládùúgbò mi ní kí n gé gbogbo ẹ̀ka, kó ku orí kan ṣoṣo. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ gé èyí tó fẹ́ so.

Bàbá Àgbẹ̀, Ìjerò-Èkìtì

Ìyá Ìbejì, ẹ fọkàn balẹ̀. Ká ní irú tòmátì tí wọ́n ń pè ní Roma ni, tí kì í ga, ǹ bá ní kẹ́ ẹ fi ẹ̀ka rẹ̀ sílẹ̀, torí ara wọn ló ti ń so. Èyí tó ga dé àyà, tó tún ń lọ, òun là ń ṣẹ́.

Ẹ wo abíyá ewé, ibi tí ọ̀pá ewé ti pàdé igi. Ẹ óò rí ọmọ kékeré kan tó ń yọ níbẹ̀. Òun ni kẹ́ ẹ fọwọ́ ṣẹ́ nígbà tí ò tíì gùn ju ìka lọ. Òdòdó kì í yọ ní abíyá. Ara igi gan-an, láàárín ewé kan sí èkejì, ló ti ń jáde. Tẹ́ ẹ bá ti mọ èyí, ẹ ò ní ṣèèṣì gé èso.

Ẹ já ewé tó súnmọ́ ilẹ̀ kúrò, torí òjò máa ń ta erùpẹ̀ sí i lára, ibẹ̀ ni àrùn ti ń gùn ún. Ẹ dá ìgbẹ́ adìyẹ dúró ná. Òun ló ń sọ ọ́ di eléwé.

Ọmọ Ìkọ̀lé

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má ṣẹ́ ẹ nígbà tí ewé bá tutù. Lọ́dún tó kọjá, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni mo wọ inú tèmi, mo fọwọ́ kó àrùn láti ìdí kan dé èkejì, mẹ́fà kú. Ẹ jẹ́ kí ìrì gbẹ. Ọparun ni kẹ́ ẹ rì mọ́ ọn, kẹ́ ẹ fi àkísà dè é, kó má fún un. Okùn ọ̀rá máa ń gé igi rẹ̀.

Ìyá Ìbejì

Mo ti débẹ̀ láàárọ̀ yìí. Mo rí ọmọ abíyá náà! Mo ṣẹ́ mọ́kànlá lára ìdí kan ṣoṣo. Ọ̀kan ti nípọn tó àtàǹpàkò mi, ó sì ti yọ òdòdó. Ṣé kí n gé e?

Bàbá Àgbẹ̀

Rárá o. Ẹ sọ ìyẹn di orí kejì, kẹ́ ẹ rì ọparun tiẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tẹ́ ẹ bá ṣẹ́ tó gùn díẹ̀, ẹ gbìn ín sí ilẹ̀ tútù lábẹ́ ibòji, yóò ta gbòǹgbò.