Owó 25,000 tí gọ́mìntì ń pín, ṣé òṣìṣẹ́ bíi tiwa náà lè rí i gbà?

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mò ń ṣe tíṣà níléèwé aládàáni kan n'Íbàdàn níbí, ọkọ mi ń gun ọ̀kadà, ọmọ mẹ́ta la bí. A kì í jókòó sílé o, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tá a fi ń jáde, síbẹ̀ kóṣù tó parí gbèsè la ó máa jẹ. Owó oṣù mi ò tó 40,000. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún 2023 ni nǹkan ti dojú rú fún wa, epo tí ọkọ mi ń rà tí ò tó 200 náírà lítà kan nígbà yẹn, ó débì kan tó lé ní 1,000, àwọn èrò ò sì lè san ìlọ́po márùn-ún owó ọkọ̀. Opó kan ládùúgbò wa rí áláàtì 25,000, wọ́n lówó gọ́mìntì ni. Ẹ jọ̀ọ́ níbo ni wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù ẹ̀? Ẹnìkan fi líǹkì sórí WhatsApp wa pé ká kọ BVN wa síbẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí.

Ọmọ Òṣogbo
Mà, ẹ má tẹ líǹkì yẹn rárá! Àwọn olè ni. Kò sí fọ́ọ̀mù kankan fówó yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé orúkọ kan ló wà tí wọ́n ń pè ní National Social Register, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú èèyàn. Wọ́n á wá sádùúgbò, wọ́n á pèpàdé, ọkùnrin lọ́tọ̀ obìnrin lọ́tọ̀ àwọn ọ̀dọ́ lọ́tọ̀, wọ́n á ní kí wọ́n dárúkọ ìdílé tí ò rí já jẹ jù láàárín wọn, lẹ́yìn náà wọ́n á wá sílé yín wá bi yín pé ẹ̀yin mélòó lẹ̀ ń gbébẹ̀, níbo lẹ ti ń pọnmi. 25,000 lẹ́ẹ̀mẹta ni, ìdílé mílíọ̀nù 15 ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹwàá 2023. Wọ́n dá a dúró lóṣù kìíní 2024, ìgbà tó fi máa padà wọ́n ti sọ NIN di dandan. Torí náà ẹ rí i pé NIN yín wà, kẹ́ ẹ sì béèrè ní ìjọba ìbílẹ̀ yín ìgbà tí wọ́n máa tún orúkọ kọ.

Bàbá Adéọlá
Òótọ́ lohun tí wọ́n sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ n bá yín sọ̀rọ̀ bó ṣe rí. Tí wọ́n bá pèpàdé yẹn, ta ló máa dárúkọ tíṣà? Wọ́n á ní ẹ ń gbowó oṣù. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí ò rí jẹ, kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Owó oṣù tó kéré jù lófin ti di 70,000 láti oṣù keje 2024, kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan lòfin yẹn wà fún o! Iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ ò bá pé 25 wà lára àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀. Ẹ ka ara yín níléèwé yẹn.

Ìyá Ìbejì
Háà, bàbá, ẹ ṣeun. A lé ní 30 o, tá a bá ka ọlọ́dẹ àtàwọn tó ń gbálẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n tí mo bá lanu, wọ́n á lé mi dànù lọ́jọ́ kejì.

Bàbá Adéọlá
Ẹ má dá lọ, ìyàwó wa. Kí ẹ̀yin tíṣà bíi márùn-ún mẹ́fà jọ kọ̀wé, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì míníṣítírì tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́, wọ́n wà n'Íbàdàn yẹn. Kẹ́ ẹ tọ́jú gbogbo ìwé tàbí áláàtì tó ń fi iye tí wọ́n ń san fún yín hàn.

Àǹtí Ṣadé
Ẹ̀gbọ́n mi, kẹ́ ẹ tó rí ti owó oṣù ṣe, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù yín, kẹ́ ẹ bi wọ́n nípa ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń sanwó ẹ̀ fáwọn aboyún àtọmọ tí ò tíì pé ọdún márùn-ún nílé tí ò lówó. Wọ́n á kọ orúkọ yín kí wọ́n tó lè tọ́jú yín, ẹ má dúró dìgbà tí ibà bá gbé ọmọ dè. Ti oúnjẹ ńkọ́, àwa obìnrin mẹ́jọ kan jọ ń dáwó ra àpò ìrẹsì àti gàrí ní Bódìjà, a ń wọ̀n ọ́n pín lóṣooṣù. Ẹ wá bá wa, ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí ínbọ́ọ̀sì mi.