Àwòrán àdìrẹ kún orí mi, báwo ni màá ṣe sọ ọ́ di aṣọ?

OníwèéÀdìrẹ:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará ibí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ya dísáìnì àdìrẹ sínú ìwé, mo tiẹ̀ ya ọ̀kan tó jẹ́ dáńfó àti òpó iná ló kún inú ẹ̀, bí àwọn ìyá wa ṣe kó òpó gbọ̀ngàn Mápó sínú àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn yẹn. Gbogbo ẹni tó rí i ló ń yìn ín, àmọ́ mi ò tíì pa aṣọ kankan láró. Ó ń ṣe mí bíi kí n fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ kí n gba ṣọ́ọ̀bù, àbí kí n ṣì dúró dìgbà tówó bá tó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

ÌyáAláró:
Ọmọ mi, má tíì gba ṣọ́ọ̀bù kankan. Mú ẹyọ kan nínú àwòrán yẹn, ra tẹ́rù funfun yáàdì méjì, kó o yà á sórí aṣọ lọ́sẹ̀ yìí. Tó bá jẹ́ ẹlẹ́kọ lo fẹ́, láfún la fi ń ro ẹ̀kọ ẹ̀ tí kì í jẹ́ kí aró wọ ibi tá a yà, ìyẹ́ adìyẹ la fi ń yà á, ojú kan aṣọ la máa ń yà, kó gbẹ dáadáa kó tó wọ aró. Ìgbà yẹn lo máa rí i pé ìlà tín-ín-rín tó o fi bírò fà, ẹ̀kọ ò lè gbé e, aró á wọ abẹ́ ẹ̀. Tó bá jáde nínú ìkòkò á kọ́kọ́ rí bí ewé, má jáyà, atẹ́gùn ló máa sọ ọ́ di búlúù, wàá tún rì í padà, bó o ṣe ń rì í sí i ló ń dúdú sí i.

Ọmọ_Òṣogbo:
Òótọ́ lọ̀rọ̀ màmá. Ògúńdé eléré ìtàgé, ọlọ́pàá ni nígbà tó gbé eré ẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Glover Hall l'Ékòó lọ́dún 1944, ṣọ́ọ̀ṣì ló ṣe é fún, ìgbà táwọn èèyàn ti ń wọ́ wá wò ó ló tó fiṣẹ́ sílẹ̀. Dúró Ládípọ̀ tóun náà jẹ́ eléré ìtàgé, tíṣà ni, ó gbé ìlù wa wọnú orin Àjíǹde ní ṣọ́ọ̀ṣì Òṣogbo níbí ní 1961, inú bí àwọn kan, ló bá gbé e síta, nígbà tó máa fi di 1962 ó ti sọ ilé ọtí ẹ̀ di Mbárí Mbáyọ̀, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ àwọn ayàwòrán Òṣogbo ti bẹ̀rẹ̀. 1964 ló gbé eré Ṣàngó ẹ̀ dé Berlin. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn gan-an o, kò dúró de ilé eré tó dáa.

Adé_Peckham:
Mo fẹ́ fi kan kún un. Àwọn tó ń yìn ẹ́ yẹn ò tíì náwó. Gbé aṣọ náà lọ sí Ìtòkú, ọjà àdìrẹ l'Ábẹ́òkúta, sọ iye ẹ̀ fún ẹni tí ò mọ̀ ẹ́ rí, kó o wo ojú ẹ̀.

OníwèéÀdìrẹ:
Ẹ ṣeun gan-an. Màmá, ìlà dáńfó yẹn pọ̀ lóòótọ́, ṣé kí n fi okùn ìko dì í ni?

ÌyáAláró:
Rárá, ìko ò lè gbé mọ́tò jáde. Gé e sára páànù pẹlẹbẹ báwọn ọkùnrin Abẹ́òkúta ṣe máa ń ṣe, kó o gbé e lé aṣọ, kó o fi ẹ̀kọ nu orí ẹ̀. Tó o bá gé e tán, gbé fọ́tò ẹ̀ síbí kó o tó fọwọ́ kan aró.