Bí ayùn bá gé òṣìṣẹ́ ní ṣọ́míìlì: kí la máa kọ́ wọn, kí la máa rà?

Alábòójútó Ṣọ́míìlì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ṣọ́míìlì l'Ékòó ni a wà, òṣìṣẹ́ bí ogún, ayùn ńlá kan àti ayùn roboto méjì. A ní àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì, àmọ́ plásítà, òwú àti ìpara ló kún inú rẹ̀. Ọ̀gá ti gbà kí a fi ìdajì ọjọ́ kan kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Kí ló yẹ kí wọ́n mọ̀ gan-an? Kí ni ká rà? Ṣé òótọ́ ni pé tourniquet (okùn fífẹ̀ tí wọ́n ń so mọ́ apá tàbí ẹsẹ̀, tí wọ́n sì ń fi igi kékeré ara rẹ̀ lọ́ le láti dá ẹ̀jẹ̀ dúró) ló máa ń jẹ́ kí wọ́n gé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ èèyàn?

Nọ́ọ̀sì Pàjáwìrì
Ẹ kú àmójútó o. Kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ẹ̀jẹ̀ tó léwu: èyí tó ń tú jáde láìdáwọ́ dúró, tó ń di adágún nílẹ̀, tó rin aṣọ gbindin, tàbí tí ẹni náà ti ń sọ̀rọ̀ kántankàntan. Ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà kò ju nǹkan bíi lítà 5 lọ. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó wà nínú itan bá já, ìṣẹ́jú 3 sí 5 lè pa á. Ọkọ̀ tó máa gbé e kò tíì ní kúrò ní géètì nígbà yẹn.

Ẹ pa ẹ̀rọ ná, kí ẹni kejì má bàa fara pa. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Bí kò bá sí, ẹ ki ọwọ́ bọ inú láílọ́ọ̀nù. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ, kí ẹ rí ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde gan-an. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ojú ọgbẹ́, kí ìgúnpá nà gbọrọ, kí ìwúwo ara yín wà lórí rẹ̀. Bí ọgbẹ́ bá jìn, ẹ fi ìka ki gọ́ọ̀sì (aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di ọgbẹ́) wọ inú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ títí kò fi ní gbà mọ́, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ wo aago.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni ṣíṣí i wò. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí i ni ẹ̀jẹ̀ tó ti ń dì máa ń tú. Èkejì ni kíkó aṣọ lé aṣọ títí yóò fi wú bí ìrọ̀rí: agbára ọwọ́ kì í dé ojú ọgbẹ́ mọ́.

Ọrùn, abíyá, àti ibi tí itan ti pàdé ara: ẹ ki gọ́ọ̀sì sí i, kí ẹ tẹ̀ ẹ́, nítorí tourniquet kò ṣeé so níbẹ̀. Àyà àti ikùn, ẹ má ki nǹkan kan sínú wọn.

Olùkọ́ Ìtọ́jú Pàjáwìrì
Ní ti tourniquet, ẹ̀rù yẹn ti pọ̀ jù. Àwọn dókítà máa ń so irú rẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 2 nígbà iṣẹ́ abẹ. Èyí tí wọn kò so le tó ló burú. Ó máa dí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà padà, kò sì ní dí èyí tó ń wọlé, ni ọgbẹ́ bá túbọ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀.

Ẹ so ó ní 5 sí 7 sẹ̀ǹtímítà sókè ọgbẹ́, kì í ṣe lórí ìgúnpá tàbí orúnkún. Bí ẹ kò bá rí ojú ọgbẹ́, ẹ gbé e lọ sókè pátápátá lórí apá tàbí itan. Ẹ yọ fóònù àti kọ́kọ́rọ́ kúrò nínú àpò tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fa okùn rẹ̀ le koko *kí ẹ tó* bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ igi rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà. Ẹ lọ́ ọ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá, ẹ ti igi náà mọ́lẹ̀, kí ẹ kọ aago tí ẹ so ó. Ẹ má tú u. Ilé ìwòsàn ló máa tú u. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá, ẹ so èkejì sókè èkíní. Yóò dun ẹni náà gan-an, ó lè máa bẹ̀ yín kí ẹ tú u. Ẹ má dá a lóhùn.

Bàbá Kápẹ́ńtà
Bí kò bá sí lọ́wọ́ ńkọ́? Ṣé bẹ́líìtì sòkòtò kò tó ni?

Olùkọ́ Ìtọ́jú Pàjáwìrì
Kò tó, bàbá. Bẹ́líìtì gan jù, kò ṣeé lọ́. Aṣọ tí ẹ ṣẹ́ po, tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5, pẹ̀lú igi líle tàbí sípánà ni kí ẹ lò. Wáyà àti okùn tín-ín-rín máa ń ge ẹran ara. Èyí tí a fọwọ́ ṣe yìí máa ń kùnà lọ́pọ̀ ìgbà, torí náà kí ẹnì kan má ṣe gbé ọwọ́ kúrò lójú ọgbẹ́ nígbà tí ẹlòmíì ń so ó.

Òṣìṣẹ́ Ààbò
Àbúrò, ẹ ra tourniquet mẹ́ta: méjì fún àpótí, ọ̀kan fún ìdánrawò nìkan, torí lílò léraléra máa ń sọ ọ́ di aláìlágbára. Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú tó kún ọjà, igi rẹ̀ máa ń tẹ̀ tàbí kó kán bí ẹ bá lọ́ ọ. Ẹ fi gọ́ọ̀sì oníròólù púpọ̀ sí i, báńdéèjì tó ń fà, ìbọ̀wọ́, sísọ́ọ̀sì ńlá àti máàkà. Ẹ gbé àpótí náà kọ́ sára ògiri nítòsí ayùn. Àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá tó ti jáde kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ ẹ̀kọ́, ẹ dín ọ̀rọ̀ kù. Ẹ ra ẹran tó nípọn, ẹ fi ọ̀bẹ lu ún jìn, ẹ ti rọ́bà omi pupa gba inú rẹ̀, kí oníkálukú fọwọ́ ara rẹ̀ dí i. Ẹ yan ẹni tó máa pa ẹ̀rọ, ẹni tó máa pe nọ́ńbà pàjáwìrì 112 tàbí 767, ẹni tó máa ṣí géètì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ tún un ṣe.

Alábòójútó Ṣọ́míìlì
Ẹ ṣeun púpọ̀. Bí ìka bá gé já ńkọ́? Àwọn kan níbí máa ń da karosíìnì tàbí èérún pákó sójú ọgbẹ́.

Nọ́ọ̀sì Pàjáwìrì
Ẹ fòfin de méjèèjì. Karosíìnì ń jó ẹran ara, èérún pákó ń kó ìdọ̀tí wọlé. Ẹ dá ẹ̀jẹ̀ dúró kí ẹ tó wá ìka. Ẹ fi omi mímọ́ ṣan ìka náà fẹ́rẹ́, ẹ fi gọ́ọ̀sì tútù wé e, ẹ dì í sínú láílọ́ọ̀nù, kí ẹ wá gbé láílọ́ọ̀nù náà sínú omi oníyìnyín. Bí yìnyín bá kan ìka fúnra rẹ̀, yóò bà á jẹ́. Igi tàbí irin tó bá gún èèyàn wọlé, ẹ má fà á yọ. Ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ẹ fi aṣọ bo ẹni tó fara pa kí ara rẹ̀ má tutù, torí ara tútù kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Kí ẹnikẹ́ni má fún un ní mílíìkì tàbí mọ́ọ̀tì pé ẹ̀jẹ̀ ló ń dá padà: bí wọ́n bá fẹ́ kùn ún lóorun fún iṣẹ́ abẹ, ó lè bì, kó sì wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Kí wọ́n sì béèrè abẹ́rẹ́ àrùn ipá (tetanus) ní ilé ìwòsàn, ì báà jẹ́ ọgbẹ́ kékeré.