Ṣé mo lè gbé MySQL 5.7 tààrà sí 8.4 lórí sáfà tí àkáǹtì 60 jọ ń lò?

Ará_Kàbà

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Sáfà kan wà tí àkáǹtì 60 jọ ń lò: ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú àti àwọn ọlọ́jà díẹ̀. MySQL 5.7.44, ètò tó ń tọ́jú dátà àwọn sáìtì, ló wà lórí rẹ̀. Gbogbo dátà tó 18 GB, àyè tó ṣẹ́ kù lórí díìsìkì sì jẹ́ 25 GB. WordPress ni ọ̀pọ̀ ń lò, àmọ́ àkáǹtì mẹ́jọ ṣì wà lórí PHP 5.6 (PHP ni èdè tí wọ́n fi kọ kóòdù sáìtì). Mẹ́ta nínú wọn ń kọ orúkọ ènìyàn àti ti ìlú pẹ̀lú àmì ohùn sínú tábìlì latin1 (ètò lẹ́tà àtijọ́ tí kò ní ẹ, ọ, ṣ).

Ṣé mo lè fò tààrà sí 8.4? Kí ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́? Bó bá dàrú, ṣé mo lè padà sí 5.7?

Ọmọ_Ìsánlú

Òkun o. Ẹ kò lè fò ó. Láti 5.7 ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé 8.0, ibẹ̀ lẹ ó ti lọ sí 8.4. Ẹ kò sì lè padà. Bí 8.0 bá ti jí lórí dátà yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, 5.7 kò lè kà á mọ́, nítorí pé 8.0 á kó àpèjúwe tábìlì tó wà nínú àwọn fáìlì .frm sínú tábìlì InnoDB (ọ̀nà ìtọ́jú tábìlì inú MySQL) tirẹ̀, á sì pa àwọn .frm náà rẹ́. Ẹ̀dà tí ẹ bá pa mọ́ ṣáájú nìkan ni ọ̀nà àbọ̀, òun ni kí ẹ fi àkókò sí jù.

Ẹ̀dà méjì ló yẹ. Ọ̀kan ni mysqldump (àṣẹ tó ń da dátà sínú fáìlì), fáìlì kọ̀ọ̀kan fún dátábéèsì kọ̀ọ̀kan, kó má di pé torí ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ẹ ó dá ti gbogbo ènìyàn padà:

`mysqldump --single-transaction --routines --triggers --events ORUKO | gzip > ORUKO.sql.gz`

Ẹ má gbàgbé dátábéèsì tó ń jẹ́ `mysql` fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn olùmúlò àti pásíwọ́ọ̀dù wà. `--single-transaction` kò dáàbò bo MyISAM, ọ̀nà ìtọ́jú tábìlì àtijọ́: bí ẹnì kan bá ń kọ nǹkan sínú tábìlì MyISAM nígbà tí ẹ ń dà á, ẹ̀dà náà kò ní bára mu. Ẹ wá wọn báyìí, kí ẹ sì ti sáìtì tó ni wọ́n pa kí ẹ tó dà wọ́n:

`SELECT table_schema, table_name FROM information_schema.tables WHERE engine='MyISAM';`

Èkejì ni /var/lib/mysql lódindi, lẹ́yìn tí MySQL bá ti dúró. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sórí sáfà kan náà: 7 GB péré ló máa kù, díìsìkì tó kún láàárín iṣẹ́ sì burú ju ohunkóhun lọ. Ẹ fi rsync gbé e lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ fi MySQL Shell sá `util.checkForServerUpgrade()` lórí 5.7 náà, á sọ ohun tí 8.0 kò ní gbà. Ẹ tún ṣí my.cnf, fáìlì ètò MySQL. Bí `query_cache_size`, `query_cache_type` tàbí `NO_AUTO_CREATE_USER` bá ṣì wà níbẹ̀, 8.0 kò ní dìde rárá. Ẹ yọ wọ́n.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ pa `SET GLOBAL innodb_fast_shutdown=0;` láṣẹ, kí ẹ tó dá MySQL dúró. Láti 8.0.16, sáfà fúnra rẹ̀ ló ń tún tábìlì ṣe bó bá jí, ẹ má wulẹ̀ sá mysql_upgrade. Bó bá jẹ́ cPanel (ojú ewé ìṣàkóso sáfà) ni, ojú ewé MySQL/MariaDB Upgrade nínú WHM ni kí ẹ bá wọlé, ẹ má fi yum gba ẹ̀yìn rẹ̀.

Mọ̀pà_PHP

Ẹ̀yin ará Kàbà, ọ̀dọ̀ PHP ni ariwo ti máa kọ́kọ́ sọ. Àwọn olùmúlò tó ti wà tẹ́lẹ̀ á ṣì wọlé, torí pé upgrade kì í yí irú pásíwọ́ọ̀dù wọn padà. Èyí tí ẹ bá dá lẹ́yìn rẹ̀ ni PHP 5.6 kò ní lè lò, nítorí caching_sha2_password, ọ̀nà ìyẹ̀wò pásíwọ́ọ̀dù tuntun tí 8.0 ń lò. Ẹ fi èyí sí my.cnf ti 8.0:

`default_authentication_plugin=mysql_native_password`
`character-set-server=utf8mb4`
`collation-server=utf8mb4_unicode_ci`

Ìlà tó kẹ́yìn ṣe pàtàkì. Láìsí i, PHP 5.6 á máa pariwo pé "Server sent charset (255) unknown to the client", sáìtì mẹ́jọ náà á sì kú lójijì.

Ẹ wá wo kóòdù èsì ìdánwò àwọn ilé ẹ̀kọ́. `rank` ti di ọ̀rọ̀ tí 8.0 fi pamọ́ fún ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni `groups` àti `system`. `SELECT oruko, rank FROM esi` á mú error 1064 jáde. `esi.rank` á kọjá, `rank` tí ẹ fi àmì backtick yí ká náà á kọjá.

Èyí tó ń dùn mí jù kì í mú error wá rárá: ní 5.7, GROUP BY máa ń to èsì lẹ́sẹẹsẹ fúnra rẹ̀; 8.0 kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ipò àwọn ọmọ kíláàsì lè dàrú lójú ewé, kí ẹnikẹ́ni má sì fura. Ibi gbogbo tí GROUP BY bá wà láìsí ORDER BY, ẹ fi kún un.

Ẹ̀gbẹ̀_Dátà

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí latin1 yẹn, torí pé orúkọ àwọn ènìyàn wa ló wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà nílẹ̀ gan-an:

`SELECT oruko, HEX(oruko) FROM akeko LIMIT 20;`

Bí ẹ bá rí E1BAB9 níbi tó yẹ kí "ẹ" wà, ìrètí ń bẹ: UTF-8 (ètò lẹ́tà tó gba ẹ, ọ, ṣ) ni, inú àpò latin1 ló kàn wà. Bó bá jẹ́ 3F ni, àmì ìbéèrè ni wọ́n ti kọ síbẹ̀, lẹ́tà náà ti lọ, kò sí àṣẹ tó lè dá a padà.

Sáìtì wọ̀nyí ń hàn dáadáa lónìí nítorí pé PHP tí kò pe set_charset máa ń tẹ̀lé charset (ètò lẹ́tà) sáfà, ìyẹn latin1, báìtì ń wọlé, ó ń jáde, kò sẹ́ni tó yí i padà. Bí ẹ bá ti fi utf8mb4 sí my.cnf bí Mọ̀pà ṣe wí, "ẹ" á di "áº¹", "ṣ" á di "á¹£". Ẹ má fi `CONVERT TO` tún un ṣe o! Báìtì kọ̀ọ̀kan ló máa sọ di lẹ́tà ọ̀tọ̀, ìdàrúdàpọ̀ náà á sì wọnú díìsìkì. Ẹ gba ọ̀nà VARBINARY:

`ALTER TABLE akeko MODIFY oruko VARBINARY(255) NOT NULL;`
`ALTER TABLE akeko MODIFY oruko VARCHAR(255) CHARACTER SET utf8mb4 COLLATE utf8mb4_0900_as_ci NOT NULL;`

Ẹ tún NOT NULL àti DEFAULT kọ nínú méjèèjì, torí MODIFY máa ń ju ohun tí ẹ kò bá kọ nù. Ẹ wá fi `mysqli_set_charset($c,'utf8mb4')` sínú kóòdù. Bí index bá mú error 1071 jáde, tábìlì náà ṣì jẹ́ COMPACT (ọ̀nà ìtò ìlà àtijọ́): lẹ́tà 255 ní báìtì mẹ́rin mẹ́rin jẹ́ 1020, ààlà rẹ̀ sì jẹ́ 767. `ROW_FORMAT=DYNAMIC` gbé ààlà náà dé 3072.

Ìdí tí mo fi kọ as_ci (as ń ka àmì sí, ai kì í kà á sí): lójú 0900_ai_ci, "Ẹ̀gbẹ̀" àti "Egbe" jẹ́ ọ̀kan náà. Bí UNIQUE (òfin pé ohun kan náà kò gbọ́dọ̀ wà lẹ́ẹ̀mejì) bá wà lórí òpó náà, error 1062 lẹ ó rí. Fún òpó tí àwọn ènìyàn kàn ń wá nǹkan nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà ní ai, nítorí pé ọ̀pọ̀ kì í tẹ àmì ohùn sórí fóònù.

Ará_Kàbà

Ẹ ṣeun gidi. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa níbí lè já nígbàkígbà, iná náà ńkọ́. Bó bá já láàárín iṣẹ́?

Ọmọ_Ìsánlú

Ẹ ṣí `screen -S upgrade` kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí SSH (ìsopọ̀ yín sí sáfà) bá já, iṣẹ́ á ṣì máa lọ lórí sáfà. Bí ẹ bá padà, `screen -r upgrade` á mú yín wọ ibi tí ẹ wà. Ẹ wo aago sáfà pẹ̀lú: bó bá wà lórí UTC, aago kan òru tiwa ni agogo méjìlá òru tirẹ̀, ìgbà yẹn sì ni cron (iṣẹ́ tí a ti dá aago fún) ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jí. Ẹ dá crond dúró títí iṣẹ́ á fi parí.

Ẹ dúró lórí 8.0 fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kí ẹ máa ka error log lójoojúmọ́. Ẹ gbé àkáǹtì mẹ́jọ yẹn kúrò lórí PHP 5.6 kí ẹ tó lọ sí 8.4: mysql_native_password wà ní títì pa níbẹ̀, ìlà `default_authentication_plugin` tí ẹ fi sí my.cnf náà kò sí ní 8.4 mọ́, bí ẹ kò bá yọ ọ́, sáfà kò ní dìde.